Ẹrù Ọmọ Kámpù: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Dì Í?

Nígbàkúùgbà tí ìsinmi ilé-ìwé bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kámpù a máa gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí káàkiri agbègbè Kòsọ́fẹ́, láti Kétu dé Alápẹ̀rẹ̀, láti Ìkòsì dé Mile 12. Ìwé pélébé tí wọ́n kọ orúkọ ohun tí ọmọ yóò mú dání sí a sì wọlé tọ òbí. Láti ọjọ́ náà lọ, oríṣi ilé méjì ni ó máa ń wà. Nínú ilé kan, ìyá ni yóò ra gbogbo nǹkan, òun náà ni yóò kó wọn sínú àpò, òun ni yóò sì fi orúnkún tẹ àpò náà mọ́lẹ̀ kí síìpù rẹ̀ tó lè pa dé. Ọmọ tí ó ń rin ìrìn-àjò gan-an wà ní pálọ̀, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nínú ilé kejì, bàbá ka ìwé náà tán, ó ká a, ó tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ọmọ náà kò béèrè. Ó ti mọ ìtumọ̀ ìdákẹ́jẹ́ bàbá rẹ̀.

Ilé méjèèjì yìí ni ó yẹ kí àwọn òbí àti àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ gbé yẹ̀ wò pọ̀, nítorí pé orísun kan náà ni ìṣòro wọn ti sun. Àwọn àgbà ti gba ẹrù lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n ti sọ ọ́ di tiwọn. Nígbà tí ẹrù bá sì ti di ti àgbà, owó àgbà ni yóò máa fi hàn, kò ní fi ọgbọ́n ọmọ hàn mọ́.

Ó tọ́ kí a rántí bí kámpù ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1954 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ti Nàìjíríà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí MSSN, sílẹ̀ ní ìlú Èkó. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n dá a sílẹ̀, kì í ṣe àwọn alàgbà. Lateef Adegbite, tí ó padà di amòfin ńlá àti akọ̀wé àgbà fún Ìgbìmọ̀ Gíga Jùlọ lórí Ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù ní Nàìjíríà, ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ni ó ń wọ ilé-ìwé àwọn ìjọ ajíhìnrere pẹ̀lú orúkọ kan tí ó ń fi orúkọ mìíràn jáde. Inú ẹgbẹ́ yìí ni ẹ̀kọ́ àkókò ìsinmi tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní IVC ti jáde, tí àwọn ọmọ láti oríṣiríṣi ilé-ìwé fi ń kóra jọ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ń gbé pọ̀, wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, wọ́n sì ń kírun pọ̀. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, Nofórìjà ní ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀pẹ́ ni ẹ̀ka ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti máa ń ṣe tirẹ̀. Ọmọ tí ó bá wọkọ̀ ní Kétu yóò gba Mile 12 kọjá, yóò gba Ìkòròdú, kí ó tó máa rí oko àti igbó lọ sí apá Ẹ̀pẹ́. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn yóò sùn níbi tí kò sí ìyá, tí kò sí bàbá.

Ohun tí ọmọ ń lọ kọ́ níbẹ̀ kò sì pin sí orí ìjókòó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ń sùn sí, ẹní ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ẹnì kejì. Òru ni wọ́n ń jí wọn fún ìrun. Wọ́n á tò gba oúnjẹ, wọ́n á tò pọn omi, wọ́n á sì fọ àwo tí wọ́n fi jẹun fúnra wọn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá di ẹrù kò mọ ibi tí ọṣẹ wà nínú àpò ara rẹ̀. Bí wọ́n bá jí i lóru tí iná kò sí, yóò tú gbogbo ẹrù dà sórí ẹní ẹlòmíràn láti wá fìlà tàbí hìjáàbù, nígbà tí yóò sì fi rí i, àwọn yòókù ti wà lórí sàfù. Ní ọjọ́ kẹta, aṣọ rẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọn yóò padà, ìdajì ẹrù kò sí mọ́, “wọ́n jí i” ni ìròyìn tí yóò délé. Òótọ́ ni pé olè wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní olè ní kámpù kì í ṣe olè rárá. Ọmọ tí kò mọ ohun tí ó gbé lọ kò lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó gbé bọ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹrù kò tó ohun tí a ń fà gùn, pé kí ọmọ ṣáà máa lọ, Ọlọ́hun yóò pèsè. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Nínú ohun tí Bukhārī gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbās, àwọn ará Yẹ́mẹ̀n kan a máa wá sí Hájì láì mú èsè kankan dání. Wọ́n á ní àwọn gbára lé Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé Mẹ́kà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí tọrọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Nítorí wọn ni áyà 197 nínú Sūratul-Baqarah fi sọ̀kalẹ̀, tí ó pa á láṣẹ fún arìnrìn-àjò pé kí ó mú èsè dání, tí ó sì fi yé e pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni ó lọ́lá jù nínú gbogbo èsè. Àwọn oníwàásù wa a máa yára dé orí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, wọ́n a sì fo oúnjẹ ojú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ojú ọ̀nà ni ó ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹni tí ebi ń pa lójú ọ̀nà ni ó ń tọrọ, ẹni tí ó bá sì ń tọrọ ti gbé ẹrù ara rẹ̀ lé orí ẹlòmíràn.

Ẹ̀rí tí ó tún sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú ìtàn híjírà. Ní ọdún 622, nígbà tí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti Abu Bakr ń múra àtifi Mẹ́kà sílẹ̀, òru mẹ́ta ni wọ́n lò nínú ihò àpáta Thaur kí wọ́n tó tẹ̀síwájú. Asmā, ọmọbìnrin Abu Bakr, wà lára àwọn tí ó pèsè èsè wọn. Nígbà tí kò rí okùn tí yóò fi so àpò náà, ó fa ọ̀já ìdí rẹ̀ ya sí méjì, ó sì fi dì í. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é títí di òní, Ẹlẹ́ni-Ọ̀já-Méjì, inú ẹrù dídì ni ó ti jẹ yọ. Ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ iye oúnjẹ tí ó wà nínú àpò, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ó jẹ́ àpò olówó iyebíye. Bí ọmọbìnrin náà ṣe fi ohun tí ó wà lára rẹ̀ di ẹrù ni ó sọ.

Báwo wá ni kí ọmọ ṣe di tirẹ̀? Ọmọ Mile 12 kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá láti òkè òkun kọ́ ọ. Kí ó lọ dúró sí ibi tí wọ́n ti ń já tòmátì tí ó ti Òkè Ọya wá. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kì ju bí ó ti yẹ lọ, tí wọ́n sì to òmíràn lé lórí, tòmátì ìsàlẹ̀ rẹ̀ a ti fọ́, omi rẹ̀ a sì ti máa kán sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rọ àwọn oníṣòwò pé kí wọ́n máa lo àpótí oníke dípò apẹ̀rẹ̀. Àpò ẹ̀yìn kò yàtọ̀. Ohun tí ó fúyẹ́ tí ọmọ kò sì nílò títí di alẹ́, bí aṣọ ìbora àti aṣọ ìsùn, ni ó ń lọ sí ìsàlẹ̀. Ohun tí ó wúwo, bí gàrí àti ìwé, a wà láàrin, kí ó fara ti ẹ̀yìn ọmọ pẹ́kípẹ́kí, nítorí bí ó bá jìnnà sí ẹ̀yìn, ńṣe ni yóò máa fa ọmọ sẹ́yìn bí ẹni pé ẹnìkan dì í mú. Ohun tí yóò nílò lójú ọ̀nà a wà lókè. Àlùkùránì a wà lókè gbogbo wọn, nínú aṣọ tàbí ọ̀rá tí ó mọ́, kì í ṣe nítorí kí ó lè tètè rí i nìkan, ṣùgbọ́n nítorí pé kò yẹ kí a to bàtà lé e lórí. Sálúbàtà a wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹrẹ̀ tàbí ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́ má baà kan aṣọ tí ọmọ yóò fi kírun. Kí ó mú ọ̀rá méjì tí ó ṣófo dání fún aṣọ tútù àti aṣọ ìdọ̀tí. Kí ó ká aṣọ rẹ̀ róbótó dípò kí ó ṣẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ, yóò rí i pé àyè yóò ṣẹ́ kù.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo kò gbọdọ̀ jẹ́ ti eré. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń sọ ni pé kí ẹrù ẹ̀yìn ọmọ má kọjá ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara rẹ̀. Ọmọ tí ó bá wọn kílò 40 kò yẹ kí ó gbé ju kílò 4 sí 6 lọ. Omi inú ọ̀rá ẹyọ kan péré jẹ́ ìdajì kílò. Odindi àpò omi náà, èyí tí ogún wà nínú rẹ̀, jẹ́ kílò 10, síbẹ̀ àwọn òbí kan a máa gbé e lé ọmọ ọdún mọ́kànlá lórí pé ọmọ àwọn kò gbọdọ̀ mu omi ibòmíràn. Okùn èjìká méjèèjì ni kí ọmọ gbé kọ́, kì í ṣe ọ̀kan bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń ṣe nítorí oge. Ibì kan ṣoṣo ni ó ti yẹ kí ó yí àpò náà wá sí àyà: ní ibùdókọ̀ Kétu àti ní Mile 12, láàrin èrò. Àpò tí ó wà lẹ́yìn níbẹ̀, ojú ẹlòmíràn ni ó ń ṣọ́ ọ.

Tọ́ọ̀ṣì kékeré, ẹní, àwo, ife, ṣíbí, ọṣẹ, pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì, ike tí yóò fi ṣe àlùwàlá, abẹ́rẹ́ àti òwú, aṣọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìwé àti gègé. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ara gbogbo wọn. Bí ó bá jẹ́ ìsinmi ìparí ọdún, kí ó fi aṣọ tí ó nípọn kún un nítorí ọyẹ́ ìdájí. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò, kí ó fi ọ̀rá ńlá tẹ́ inú àpò kí ó tó kó ohunkóhun sí i. Ẹ̀fọn ẹ̀bá ọ̀sà kò mọ àkókò, nítorí náà ọmọ tí ó bá ní nẹ́ẹ̀tì kí ó mú un.

Ohun méjì wà tí ìwé kámpù kì í sábà kọ. Èkíní ni oògùn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS, àwọn ọmọ tí ó sì ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ náà gan-an, àwọn SS, pọ̀ láàrin wa ju bí àwọn òbí ṣe ń jẹ́wọ́ lọ. Àwọn òbí kan a máa fi pamọ́ fún àwọn aṣíwájú kámpù nítorí ìtìjú, tàbí nítorí ìbẹ̀rù pé wọn kò ní gba ọmọ náà. Òtútù, òùngbẹ, àárẹ̀ àti ibà ni ó máa ń gbé ìrora àrùn náà dìde, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sì lè bá ọmọ ní kámpù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè lọ, ó sì yẹ kí ó lọ bí oníṣègùn rẹ̀ bá gbà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú oògùn rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ òtútù, pẹ̀lú omi lọ́wọ́ nígbà gbogbo, àti pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n kọ ohun tí ó ń ṣe é àti nọ́ńbà òbí rẹ̀ sí. Bákan náà ni ọmọ tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu. Ẹ̀rọ tí ó ń fà sẹ́nu kò gbọdọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ àpò. Ara rẹ̀ ni kí ó wà. Ìtìjú òbí kò lè mí fún ọmọ lóru.

Èkejì ni ti àwọn ọmọbìnrin. Ọmọ tí ó ti tó ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá lè rí nǹkan oṣù rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní kámpù, láàrin àjèjì. Bí kò bá sí ohun tí yóò lò nínú àpò rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ti bá a sọ ọ́, yóò fara pamọ́ sí ẹ̀yìn ilé, wọn yóò sì máa wá a kiri fún ìrun tí kò di dandan fún un ní ọjọ́ náà. Ìyá ni ó yẹ kí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí kí ọmọ tó kúrò nílé, ní gbangba bí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ṣe sọ ọ́, kí ó sì fi pádì sínú àpò náà, ìbáà ṣe pé ọmọ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ní ti fóònù, ìwé kámpù a máa kọ̀ ọ́, àwọn òbí a sì máa fi pamọ́ sáàárín aṣọ ọmọ. Òbí tí ó bá fi irọ́ di ẹrù ọmọ rẹ̀ kò yẹ kí ó bínú bí ọmọ bá lò ó fún òun náà lọ́jọ́ mìíràn.

Nísinsìnyí, ó kù sí ọ̀dọ̀ bàbá tí ó ti ìwé bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Alábàárù ni ó lè jẹ́ ní ọjà Mile 12, tàbí kí ó máa wa kẹ̀kẹ́ ní Ìkòsì. Ìwé náà ní kí ó ra àpò tuntun, bàtà eré ìdárayá, aṣọ oríṣi mẹ́fà, àti ohun ìpanu tí ó tó àpótí kan. Àwọn tí wọ́n kọ ìwé náà kò ní ìkà lọ́kàn. Ọmọ tiwọn ni wọ́n ń fojú inú wò nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé gígùn a máa yan àwọn tí yóò lọ kí fọ́ọ̀mù tó yàn wọ́n. Kí àwọn aṣíwájú gé e kúrú. Àpò ìwé tí ọmọ ń gbé lọ sí ilé-ìwé lójoojúmọ́, àpò ẹ̀yìn ni. Kí wọ́n kó ìwé inú rẹ̀ jáde, ó parí. Bí kò bá sì sí, kò sí ohun tí ó ṣe àpò tí a ń pè ní “Ghana Must Go”. Láti ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà jáde, ni orúkọ yẹn ti mọ́ ọn lára, ó sì ti gbé ẹrù ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó níyì láti ìgbà náà. Ẹni tí ó bá fi ọmọ ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀ ni kí wọ́n bá wí.

Oúnjẹ ìpanu ni ó máa ń dá ìyàtọ̀ sílẹ̀ jù. Ní alẹ́, ọmọ kan ń po mílíìkì, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yíjú sí ògiri. Àwọn Ash‘arī, tí àwọn náà jẹ́ ará Yẹ́mẹ̀n, ní àṣà tí ó yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn tí a sọ̀rọ̀ wọn lókè. Bí oúnjẹ wọn bá ń tán lọ lójú ogun, wọ́n á kó gbogbo ohun tí ó kù sínú aṣọ kan, wọ́n á sì pín in dọ́gba. Ànábì yìn wọ́n fún un, ó sì ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Kí ni ó dé tí àwọn ọmọ kámpù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Sunna ti kọ́ni pé bí ènìyàn mẹ́ta bá jọ ń rin ìrìn-àjò, kí wọ́n fi ẹnìkan ṣe olórí. Kí ọmọ mẹ́ta láti àdúgbò kan náà jọ di ẹrù wọn: tọ́ọ̀ṣì kan, ọṣẹ ìfọṣọ kan, gàrí àti ẹ̀pà wọn nínú ọ̀rá kan. Ẹrù á fúyẹ́, owó á dín kù, kò sì sí ẹni tí yóò yíjú sí ògiri.

Àwọn òbí kan yóò ní ọmọ yóò gbàgbé nǹkan bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ láti dì í fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, yóò gbàgbé. Kí ó gbàgbé ṣíbí, yóò fi ọwọ́ jẹun. Kí ó gbàgbé ìbọ̀sẹ̀, kò ní kú. Iṣẹ́ òbí ni pé ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò, kí ó jókòó ti ọmọ, kí ọmọ máa mú nǹkan jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó máa sọ ìdí tí ó fi mú un. Oògùn àti lẹ́tà nìkan ni kí òbí fi ojú ara rẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ìyẹn, kí ó ká ọwọ́ kò. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Wọn kò sọ pé kí a gbé ilé ròde.

Àwọn ọmọ kan sì wà ní Kòsọ́fẹ́ tí wọn kò nílò ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ń gbé ní Agílítì àti ní apá Ajégúnlẹ̀, níbi tí Odò Ògùn ti ń kún, mọ ohun tí oṣù kẹwàá ń mú wá nígbà tí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán. Ní ọdún 2010, omi náà lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò nínú ilé wọn. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ ibi tí ìwé ẹ̀rí wà, ó mọ ibi tí oògùn ìyá àgbà wà, ó sì mọ ohun tí a lè fi sílẹ̀ fún omi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í lọ kámpù, nítorí pé ìwé ti gùn ju agbára bàbá wọn lọ. Bí a bá fẹ́ olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ olówó bí a ṣe ń di ẹrù láàrin wákàtí kan, àwọn ni.

Mọ́sálásí kò sì jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ mọ́sálásí ní Kétu àti Ìkòsì ni ó ní ẹní tí wọ́n ká jọ sí kọ̀rọ̀, tí wọn kì í tẹ́ àfi ní ọjọ́ Jímọ̀ tàbí nínú oṣù Ramadan. Kí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan ya mẹ́wàá sọ́tọ̀, kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì mẹ́wàá àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mẹ́wàá kún un, kí wọ́n kọ orúkọ mọ́sálásí sí i lára, kí wọ́n sì máa yá àwọn ọmọ tí ó ń lọ kámpù. Ọmọ tí ó bá yá a ni yóò fọwọ́ sí ìwé, òun náà ni yóò fọ̀ ọ́ kí ó tó dá a padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìsinmi ni ó yẹ kí wọ́n kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí bàbá tí ó ti ìwé bọ abẹ́ ìrọ̀rí lè gbọ́ kí ọjọ́ fọ́ọ̀mù tó kọjá.